Àwo Tèmi Nìkan Ló Korò

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kọkànlá

Òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láti ìdájí. Lọ́jọ́ ìrántí àwọn òkú, mo tan àbẹ́là sí sàréè ìyàwó mi, ìyá Nilo ọmọ mi, afẹ́fẹ́ ń pa á, mo ń tún un tàn. Lónìí Delma, aya Nilo, ní kí n sin òun dé ilé ìlera, òun ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ bá nọ́ọ̀sì sọ. Irọ́ ni. Kí n tó jókòó dáadáa, wọ́n ti so ẹ̀rọ mọ́ mi lápá.

Nọ́ọ̀sì Orlanes wo ẹ̀rọ náà, ó tún un wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru gan-an. Ó kó oògùn fún mi, hóró kan lójúmọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ìjọba bá ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, mo máa ń bi ara mi pé ta ló ń jẹ èrè rẹ̀. Ìbátan mi Goryo lo irú oògùn yẹn. Kò pẹ́ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fi wú bíi pé oyin ta á. Mo da tèmi sí ṣáláńgá.

Kinampay, ewùrà elésè àlùkò wa, ti di àádóje pésò kílò kan ní ọjà Tagbilaran. Kí òjò yìí má ba tèmi jẹ́ nínú ilẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

Obìnrin kan wá láti yunifásítì kan ní Cebu, Olùkọ́ Quijano. Wọ́n kó wa jọ sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gé kinampay kan sí méjì níwájú wa, ó ní kí a wo bí inú rẹ̀ ṣe rí. Ó ní aró elésè àlùkò tó wà nínú ewùrà wa yẹn, tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń jẹ́ kí inú òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà rọ̀, kó lè fẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ rọ́nà kọjá. Ó ní àwọn ti rí i lára àwọn tó jẹ irú oúnjẹ aláró bẹ́ẹ̀ nínú ìwádìí, àmọ́ ohun kékeré ni, kí ẹnikẹ́ni má sì fi rọ́pò oògùn.

Mo mọ ẹni tó ní kó fi apá tó kẹ́yìn yẹn kún un. Nọ́ọ̀sì Orlanes jókòó sí iwájú pátápátá.

Nígbà tí a ń lọ sílé, mo sọ fún Simping pé bàbá bàbá mi jẹ ewùrà yìí títí eyín rẹ̀ fi tán, kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru.

Simping ní, "Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ṣé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n wà nígbà yẹn ni?"

Ọ̀rẹ́ mi ni láti kékeré, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dára. Òun náà ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ọdún mélòó kan, ó sì tún ń gun àgbọn dá ẹmu láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá

Mo sọ fún Delma pé láti òní lọ, ewùrà ni mo fẹ́ máa jẹ láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kó rò ó pẹ̀lú wàrà àgbọn, kó má fi ṣúgà sí i. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó kàn ní, "Kò burú, Bàbá. Èmi fúnra mi ni màá máa rò ó fún yín."

Delma kì í gbà fún mi bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta wò. Kí ló dé tó fi gbà lónìí?

Ọjọ́ kẹtàlá

A bẹ̀rẹ̀ sí í wa ewùrà ìsàlẹ̀ oko. Ilẹ̀ tutù, ó ń lẹ̀ mọ́ ọkọ́. Ọ̀kan já bọ́ lọ́wọ́ mi, mo gbé e, mo fẹnu kò ó, bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ewùrà tó bá já bọ́. Alágbàṣe tó wá láti Mindanao rẹ́rìn-ín. Nígbà tí tirẹ̀ náà já bọ́, mo ní kó gbé e kó fẹnu kò ó, àbí kó gba owó òòjọ́ rẹ̀ kó máa lọ. Ó fẹnu kò ó.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ewùrà ìrọ̀lẹ́ yìí korò díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àwo. Mo sọ ọ́.

Delma ní, "Ilẹ̀ apá ibẹ̀ yẹn ni, Bàbá. Omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀."

Èmi tí mo ti ń gbin ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó bí i ni ó ń kọ́ nípa ilẹ̀. Nígbà tó dìde lọ dá ẹni tó ń pè é lóde lóhùn, mo fi ṣíbí mi bu nínú tirẹ̀. Ìkòkò kan náà la ti bù ú. Tirẹ̀ dùn. Àwo tèmi nìkan ló korò.

Ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti ń ronú. Ilẹ̀ etí títì, orúkọ mi ló wà lórí rẹ̀. Àbúrò Delma tó ń tún ọ̀kadà ṣe ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá màá tà á. Nilo wà lójú omi nínú ọkọ̀ àwọn ará Gíríìsì, kò ní dé kí oṣù karùn-ún tó pé. Ta ló kù nínú ilé? Èmi, àti obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún mi.

Láàárọ̀ yìí mo bu ìdajì ewùrà mi fún ajá, mo sì jókòó tì í. Ó sùn lọ títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ajá yìí, bó ṣe máa ń sùn nìyẹn láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá. Kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó tó bu oúnjẹ mi. Mo gbọ́ tí ó ń fi ìdí ṣíbí lu nǹkan lórí pákó, kò, kò, kò. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Ọwọ́ rẹ̀ kan wọ abẹ́ ìró.

"Kí lo ń gún?"

"Iyọ̀ ni, Bàbá. Ó dì."

"O ní nọ́ọ̀sì ní kí n má jẹ iyọ̀."

"Tèmi ni."

Mo jókòó, mo jẹ ẹ́, mo ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ó ń wo ṣíbí mi. Kò kúrò níbẹ̀ títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Mo fẹ́ lọ máa jẹun nílé Simping, àmọ́ ilé tèmi ni mo wà. Èmi kọ́ ni màá sá.

Ọjọ́ kejì, oṣù kejìlá

A padà sí ilé ìlera. Mo rò pé wọ́n á bá májèlé lára mi. Ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀! Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lápá ọ̀tún, ó wọ̀n ọ́n lápá òsì, ó ní, "Ó dára gan-an, Bàbá. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀."

Ó rò pé oògùn òun ni. Mo rẹ́rìn-ín sínú, n kò sọ nǹkan kan. Mo wo Delma. Kàlẹ́ńdà ara ògiri ló ń wò, bí ẹni tó ń wá ọjọ́ kan tó sọnù.

Aró inú ewùrà ni. Ó ń ṣiṣẹ́ láìka ohun yòówù tí obìnrin yìí ń dà sí i sí. Ní ìrọ̀lẹ́, níbi tí a ti ń mu ẹmu Simping, mo sọ ọ́ fún gbogbo wọn: n kò gbé hóró oògùn kan mì rí, ẹ wo ara mi. Wọ́n dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Ó pẹ́ tí mo ti sọ̀rọ̀ tí wọ́n dákẹ́ bẹ́ẹ̀.

Simping ní, "Takyo, ṣé òótọ́ ni?"

"Ṣé mo máa ń purọ́ fún ọ ni?"

"O máa ń purọ́ nípa iye tí o ta ewùrà."

"Ìyẹn yàtọ̀."

Ọjọ́ kẹfà

Wọ́n ní ìjì ń bọ̀ láti apá ìlà oòrùn. Kò dé. Kinampay wálẹ̀ sí ọgọ́fà pésò.

Simping wá, inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jáde lẹ́wọ̀n. Ó ti da oògùn rẹ̀ sí adágún ẹja. Ó ní gbogbo ìgbà ló ń mú kí òòyì kọ́ òun lórí àgbọn. Mo kó agbọ̀n kinampay kan fún un, èyí tó dára jù. Delma ń ro nǹkan lórí iná. Ó fi igi ìrokà sílẹ̀ nínú ìkòkò, ó jáde bá wa.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀."

Simping ní, "Kí ló dé? Bàbá ọkọ rẹ kò lò ó, ara rẹ̀ sì le."

"Ara yín àti ara wọn kì í ṣe ọ̀kan náà."

"Báwo?"

Ó wò mí, ó wo Simping. "Mo kàn ń bẹ̀ yín ni."

Lẹ́yìn tó wọlé, Simping ní, "Ó ń jowú ewùrà." A rẹ́rìn-ín. Ewùrà tó wà lórí iná jóná.

Ọjọ́ kẹjọ

Mo rí Delma nílé Simping nígbà tí Simping fúnra rẹ̀ kò sí nílé. Òun àti Pilar, ìyàwó Simping, sọ̀rọ̀ pẹ́. Kí ni obìnrin méjì ń bá ara wọn sọ tí wọ́n fi dákẹ́ nígbà tí mo kọjá?

Ọjọ́ kejìlá

Olùkọ́ Quijano ránṣẹ́ sórí fóònù. Ó gbọ́ nípa mi. Ó ń mú àwọn èèyàn bọ̀ wá sí ọdún ewùrà ní oṣù kìíní, ó sì fẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń gbin kinampay àti bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Mo ní màá wá. Ẹ̀wù funfun mi wà nínú àpótí láti ìgbà ìsìnkú ìyá Nilo.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ọjọ́ kejì Máàsì ìdájí, ìsìn ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án tí a ń ṣe kí Kérésìmesì tó dé. Ẹsẹ̀ mi wú, kò wọ bàtà mọ́. Mo fi sálúbàtà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ mi ń dùn mí. Ẹja gbígbẹ ló fà á. Delma ti ń ra olówó pọ́ọ́kú, èyí tí wọ́n fi iyọ̀ pa.

Ọjọ́ kejìdínlógún

N kò jẹ ẹja lánàá. Ọrùn ẹsẹ̀ mi ṣì wú. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ihò ìka dúró síbẹ̀.

Goryo ni mo ń rántí.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo dá lọ sí ilé ìlera. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bi Nọ́ọ̀sì Orlanes pé ta ló ń wá gba oògùn mi.

Ó ní, "Delma ni, Bàbá. Kì í pa ọjọ́ jẹ. Kí ló dé, ṣé ẹ kì í rí i gbà ni?"

"Mò ń rí i gbà."

Mo fi ẹsẹ̀ mi hàn án. Ó ní oògùn náà máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, òun á bá dókítà sọ ọ́, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ dára. Ó ní inú òun dùn pé mò ń lò ó déédéé.

Mo jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Mẹ́ta kọjá, n kò wọ ọ̀kankan. Májèlé ni mo ti ń retí láti bí oṣù kan. Oògùn ni mo bá. Ó yẹ kí ara tù mí, ó sì tù mí díẹ̀, àmọ́ inú bí mi ju ìgbà tí mo rò pé ó fẹ́ pa mí lọ. Gbogbo ìgbà tí mo ń fọwọ́ sọ̀yà pé ewùrà ni, òun ń gún oògùn mọ́ oúnjẹ mi bíi pé ọmọ ọwọ́ ni mí.

Tí mo bá bá a jà, ariwo á dé ìta. Tí ariwo bá dé ìta, kí ni màá wá sọ lọ́jọ́ ọdún ewùrà? Kí ni Simping á fi mí ṣe nídìí ẹmu?

Màá sọ fún Simping lẹ́yìn ọdún ewùrà. Kò sí ohun tó ń ṣe é. Lánàá ni mo rí i lórí àgbọn, ó ń kọrin.

Ní ìrọ̀lẹ́ Delma gbé àwo wá. Mo jẹ ẹ́ tán. Mo ní ó dùn.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo jókòó ti Simping lẹ́yìn Máàsì. Mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti pe orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Orí kàn ń fọ́ mi díẹ̀ ni, àmọ́ òòyì yẹn ti lọ. O ṣe mí lóore, Takyo." Ó bu ẹmu fún mi. Mo mu ún.

Òjò ní ọ̀sán.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Simping ṣubú láàárọ̀ yìí. Kò tíì gun igi. Ìdí àgbọn ni wọ́n ti bá a, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń wo Pilar, kò sì lè pe orúkọ rẹ̀. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kékeré lọ sí ọsibítù ní Tagbilaran. Mo di orí rẹ̀ mú lójú ọ̀nà. Ó ń fi ọwọ́ òsì wá nǹkan lára ẹ̀wù mi, n kò mọ ohun tó ń wá.

Dókítà bi wọ́n bóyá ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Pilar ní, "Ó ti fi í sílẹ̀." Dókítà bi í pé kí ló dé. Pilar tún aṣọ tó bo ọkọ rẹ̀ ṣe, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Delma ń fọ àwo. Mo bá a níbẹ̀.

"Ta ló ní kí o máa fún mi ní ohun tí mo kọ̀?"

Kò bi mí pé kí ni mò ń sọ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ. "Nilo ní kí n tọ́jú yín. Ṣé kí n wá pè é lójú omi pé bàbá rẹ ti kú, orí kunkun ló pa á?"

"O lè bá mi sọ̀rọ̀."

"Mo bá yín sọ̀rọ̀, Bàbá. Ẹ da á sí ṣáláńgá. Mo rí i."

Ó ń bá a lọ. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Mo dúró níwájú Bàbá Simping, mo bẹ̀ wọ́n. Mo lọ bẹ ìyàwó wọn. N kò lè sọ ìdí rẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́, á dé etí yín, ẹ ó sì fi oúnjẹ mi sílẹ̀. Mo fi ẹ̀yin méjèèjì wé ara yín, Bàbá. Ẹ̀yin ni mo mú."

Mo lè jẹ́ kó nìkan ru ẹ̀bi náà. Ó rọrùn. Mo ní, "Mo ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ Máàsì."

Ó wò mí. "Ẹ sì ń jẹ ẹ́?"

"Mò ń jẹ ẹ́."

"Ẹ sì dákẹ́?"

Ó yí padà sí àwo rẹ̀. Nígbà oúnjẹ ó gbé hóró oògùn náà sínú àwo pẹlẹbẹ kan, lọ́tọ̀, níwájú mi. Mo fi omi gbé e mì.

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní

Wọ́n ti pààrọ̀ oògùn mi. Wíwú ẹsẹ̀ mi ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ewùrà òkè oko ń rà nílẹ̀, n kò ráyè wa á.

Ọjọ́ kẹwàá

Wọ́n gbé Simping dé lánàá. Mo lọ. Apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí bí ohun tí àlejò gbàgbé síbẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé oògùn wà nínú ewùrà mi láti ìbẹ̀rẹ̀, pé n kò mọ̀ nígbà tí mo ń fọ́nnu.

Pilar ló dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Ìgbà wo lẹ wá mọ̀, Bàbá Nilo?"

Mo lè ní lẹ́yìn tó ṣubú ni. Delma nìkan ló lè já irọ́ mi, Delma kò sì ní já a.

"Ọ̀sẹ̀ Máàsì ìdájí."

"Kó tó ṣubú."

"Kó tó ṣubú."

Simping yí ojú sí ògiri. Ìyẹn gan-an gbà á lágbára. Pilar ṣí ilẹ̀kùn, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ títí mo fi jáde.

Ọjọ́ kejìdínlógún

Ọdún ewùrà. Oòrùn mú. Mo wọ ẹ̀wù funfun, mo bọ́ síwájú, mo sọ bó ṣe rí. Mo ní n kò fi ewùrà nìkan gbé ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀, ọ̀rẹ́ mi gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́, ó sì wà lórí ibùsùn báyìí. Àwọn kan ń kùn. Obìnrin kan bi mí bóyá kí àwọn má jẹ ewùrà mọ́ ni. Mo ní kí wọ́n jẹ ẹ́, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn.

Olùkọ́ Quijano bá mi lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, Bàbá. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi rọ́pò oògùn."

"O sọ ọ́. Mo rò pé wọ́n ní kí o sọ ọ́ ni."

Mo bi í bóyá ó lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ lára mi nínú méjèèjì. Ó ní oògùn ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, òun lè búra. Bóyá aró náà fi díẹ̀ kún un, kò sí bí òun ṣe lè yọ ọ́ lọ́tọ̀.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Delma ro ewùrà, ó ní kí n gbé e lọ fún Simping. N kò rò pé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé. Pilar gba abọ́ náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi ṣíbí tọ́ ọ wò, ó sì yà fún mi kí n kọjá.

Simping wò mí títí. Ọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí, ó kàn ń wọ́ ni. Ó ní, "Takyo. Nínú méjèèjì. Èwo ló ṣe é?"

"Oògùn ni. Wọ́n ní ewùrà lè ti fi díẹ̀ kún un. Ẹnikẹ́ni kò mọ iye rẹ̀, inú àwo kan náà ni wọ́n wà."

Apá kan ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bù ú fún mi."

Pilar ní, "Oògùn lákọ̀ọ́kọ́." Hóró kan wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ àti ife omi. Kò tíì fún un. Èmi ló kọjú sí.

"Tiyín dà?"

Mo yọ ọ́ nínú àpò ẹ̀wù mi.

"Ẹ gbé e mì níbí."

Mo gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e mì.

"Ẹ ya ẹnu. Ẹ gbé ahọ́n yín sókè."

Mo gbé e sókè. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó wo abẹ́ ahọ́n mi dáadáa, kò yára rárá. Lẹ́yìn náà ló tó yí sí ọkọ rẹ̀, tó fún un ní tirẹ̀.